OHUN TÓ BÁ OJÚ TI BÁ IMÚ: Ta Ni Ó Yẹ Kó San Owó Àtúnṣe Ojú Tó Bàjẹ́?

  

Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wa mú ẹ̀bẹ̀ wá nítorí ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé, ẹni tí iná sítóòfù jó lójú àti lọ́rùn. Egbò náà ti jinná, ṣùgbọ́n àgbọ̀n ọmọ náà ti fà mọ́ àyà, ìpéǹpéjú rẹ̀ kan kò sì lè padé mọ́. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ni ó kù. Owó ni kò sí. Bí igbá ọrẹ ti ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni bàbá kan dìde. Ó ní òun bá ẹbí náà kẹ́dùn, ṣùgbọ́n òfin àpò ìrànwọ́ ẹgbẹ́ sọ pé a kò gbọdọ̀ ná owó ẹgbẹ́ lórí iṣẹ́ abẹ ẹwà. Ìyá kan dá a lóhùn láti ẹ̀yìn pé, "Bàbá, ẹ dákun, tó bá jẹ́ ọmọ tiyín ńkọ́?" Ni ariwo bá ta. Alága ní kí a so ọ̀rọ̀ náà rọ̀ títí di ìpàdé tí ń bọ̀, wọ́n sì ní kí àwa tí a wà nínú ìgbìmọ̀ ìlera wá ìdí ọ̀rọ̀ náà, kí a kọ ọ́ síbí kí gbogbo ilé lè kà á ṣáájú ìdìbò.

Nọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ní ìgbìmọ̀ yìí. A ti di bándéèjì fún ẹni tó jóná nílé àti níhìn-ín. Ohun tí a rí nínú ìtàn ni a fẹ́ sọ, nítorí ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Àwọn tó ṣáájú wa ní ìlú yìí ti jà á, ìdáhùn wọn sì wà nínú ilé tí à ń gbé gan-an.

Ọ̀RỌ̀ ẸWÀ KỌ́

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ẹwà. Bí iná tàbí ásíìdì bá jó ènìyàn wọlé jinlẹ̀, awọ tí yóò hù padà kì í rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àpá náà a máa le, a máa súnkì, a sì máa fa gbogbo ohun tí ó yí i ká. Bí ó bá wà ní ọrùn, yóò fa àgbọ̀n mọ́ àyà. Bí ó bá wà ní igun ẹnu, ẹnu kò ní là tó èyí tí ṣíbí yóò gbà wọlé. Bí ó bá wà ní ìpéǹpéjú, ojú kò ní padé nígbà tí ènìyàn bá sùn. Ẹyinjú yóò gbẹ, yóò yọ egbò, ó sì lè fọ́ pátápátá. Ní ti ọmọdé, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọmọ ń dàgbà, àpá kì í bá a dàgbà. Ìdí nìyí tí ọmọ tí iná jó ní kékeré fi lè padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí ó tó di géńdé.

Àwọn òyìnbó ń pe iṣẹ́ náà ní plastic surgery, ọ̀pọ̀ wa sì rò pé ike ni wọ́n ń fi sínú ara ènìyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú èdè Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kí a mọ nǹkan bí amọ̀kòkò ti ń mọ ìkòkò. Ẹran ara àti awọ ẹni náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n.

A kò ní purọ́ pé ìrísí kò já mọ́ nǹkan kan. Àwọn àgbà ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ojú rẹ̀ bàjẹ́ a máa yẹra fún ọjà, fún ilé ìwé, fún ibi iṣẹ́, fún ọkọ tàbí aya. Bí a bá wo ojú ènìyàn kí á tó fún un ní iṣẹ́, a kò lè yí padà sọ fún un pé ojú rẹ̀ kò ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n kódà bí a bá yọ ọ̀rọ̀ ìrísí kúrò, ojú tí kò lè padé àti ẹnu tí kò lè là ti tó ẹjọ́ rò.

IBI TÍ IṢẸ́ NÁÀ TI WÁ

Ọwọ́ òyìnbó kọ́ ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Íńdíà, láti ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ti ń tún imú tí wọ́n gé ṣe. Ní ọdún 1794, ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Gentleman's Magazine, tẹ ìròyìn ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Cowasjee, tí ń da màlúù tó ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọ̀tá mú un lójú ogun, wọ́n gé imú rẹ̀. Ọkùnrin kan láti ìdílé àwọn tí ń mọ bíríkì ni ó gé awọ iwájú orí rẹ̀ sílẹ̀, tí ó yí i wálẹ̀, tí ó fi mọ imú tuntun fún un. Oníṣẹ́ abẹ ará Lọ́ńdọ̀nù kan, Joseph Carpue, kọ́ ọgbọ́n náà, ó sì ṣe é níhìn-ín ní ọdún 1814.

Ṣùgbọ́n Ogun Àgbáyé Kìíní ni ó sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá. Nínú ogun kòtò, orí ni ó máa ń yọ síta, ojú ni ọta sì máa ń bà. Dókítà Harold Gillies, tí wọ́n bí ní Dunedin ní New Zealand ní 1882, bẹ̀rẹ̀ sí í tún ojú àwọn ológun ṣe ní Aldershot ní 1916. Nígbà tí ogun Somme bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún náà, ibùsùn 200 ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ de àwọn tí yóò fara gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n nǹkan bí 2,000 ni ó dé. Ní 1917, wọ́n ṣí Queen's Hospital sí Sidcup, tí kò jìnnà sí wa, ní òdìkejì odò Thames. Owó ìjọba àti ọrẹ àwọn ará ìlú ni wọ́n fi gbé e ró. Níbẹ̀, Gillies àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ tí ó lé ní 11,000 fún àwọn ènìyàn tí ó lé ní 5,000. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹni kọ̀ọ̀kan ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé àtúnṣe ojú kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Wọn kò jẹ́ kí dígí wà ní àwọn yàrá ìtọ́jú náà. Ní ojú ọ̀nà tó lọ sí Sidcup, wọ́n kun àwọn bẹ́ńṣì kan ní àwọ̀ aró, kí ará ìlú tó ń bọ̀ lè mọ̀ pé ẹni tó jókòó síbẹ̀ lè ní ojú tí yóò bà á lẹ́rù. Ìjọba mọ̀ pé gbèsè ni ojú wọ̀nyí. Nínú ètò owó tí wọ́n ń san fún àwọn tó fara gbọgbẹ́ lógun, ẹni tí ojú rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi gba owó kíkún, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó pàdánù ẹsẹ̀ méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ológun nìkan ni gbèsè yìí wà fún. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1917, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ohun ìjà olóró gbiná ní Silvertown, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù wa níbí. Ènìyàn 73 kú, nǹkan bí 400 sì fara pa. Ogun kan náà ni, ìbúgbàù kan náà ni. Kò sí Sidcup fún àwọn aráàlú. Ọsibítù àánú, ilé ìtọ́jú tálákà, tàbí àpò ẹbí ni ẹni tí kì í ṣe ológun yóò gbójú lé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wa nílé ṣì wà lónìí.

ILÉ TÍ À Ń GBÉ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní ń gba iwájú Valence House kọjá lójoojúmọ́ láti mú ọmọ lọ sí ilé ìwé. Orúkọ ìdílé de Valence ni wọ́n fi ń pe ilé àtijọ́ náà, àwọn tó gbé ibẹ̀ ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àwọn ilé bíríkì tí ó yí i ká, tí àwa fúnra wa ń gbé, ìtàn tiwọn kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ogun parí ní 1918, ìjọba ṣèlérí pé àwọn tó jagun yóò rí ilé tó yẹ akọni gbé. Ẹni tí ó gbé òfin náà jáde ní 1919 ni Christopher Addison. Dókítà ìṣègùn ni, òun sì ni Mínísítà àkọ́kọ́ fún Ìlera ní ilẹ̀ yìí. Ẹ kíyèsí i: Mínísítà Ìlera ni ó ń kọ́lé! Èrò rẹ̀ ni pé ilé tó dára àti ara tó dá, ọ̀kan ni. Lábẹ́ òfin rẹ̀ ni London County Council bẹ̀rẹ̀ Becontree Estate ní 1921. Nígbà tí wọ́n fi ṣe tán ní àárín àwọn ọdún 1930, ilé tó tó 26,000 ni wọ́n ti kọ́ sórí ilẹ̀ oko. Valence wà láàrin rẹ̀.

Nítorí náà, bí a bá sùn ní Becontree, inú gbèsè tí ìlú san ni a sùn sí. Àwọn ènìyàn ìgbà náà gbà pé bí ìpalára bá bá ẹnì kan nítorí gbogbo ènìyàn, gbogbo ènìyàn ni yóò gbé e. Ohun tí ó kù fún wọn láti rí ni pé ẹni tí ìpalára bá nínú ilé ìdáná tàbí lójú títì náà jẹ́ ènìyàn.

OGUN KEJÌ ÀTI ỌDÚN 1948

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó la ojú wọn sí i. Àwọn awakọ̀ òfúrufú tí iná epo jó lójú àti lọ́wọ́ ni wọ́n ń gbé lọ sí East Grinstead, lọ́dọ̀ Dókítà Archibald McIndoe, ìbátan Gillies, tí òun náà jẹ́ ọmọ Dunedin. Ní 1941, àwọn aláìsàn rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n pè é ní Guinea Pig Club, nítorí wọ́n ní ara àwọn ni dókítà fi ń kọ́ṣẹ́. Kí ogun tó parí, wọ́n ti di 649. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ yóò gbádùn èyí: wọ́n yan ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jóná ṣe akápò, kí ó má baà lè gbé owó sá lọ, wọ́n sì yan ẹni tí ìka rẹ̀ jóná ṣe akọ̀wé, kí ìwé ìpàdé má baà gùn jù!

Ẹ̀rín nìyẹn o, ṣùgbọ́n McIndoe kò bá ìjọba ṣe ẹ̀rín. Òfin ìgbà náà ni pé awakọ̀ òfúrufú tí kò bá lè padà sí iṣẹ́ lẹ́yìn 90 ọjọ́, wọn yóò yọ ọ́ kúrò nínú ológun, owó oṣù rẹ̀ yóò sì dúró. McIndoe jà títí wọ́n fi yí i padà, nítorí ojú tó jóná kì í ṣeé tún ṣe láàrin oṣù mẹ́ta. Ó tún lọ bá àwọn ará East Grinstead, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pe àwọn ọmọkùnrin náà wá jẹun, kí wọ́n má ṣe tẹjú mọ́ wọn. Wọ́n sì gbà. Títí di òní, wọ́n ń pe ibẹ̀ ní ìlú tí kì í tẹjú mọ́ni.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1948, Aneurin Bevan ṣí NHS. Láti ọjọ́ náà, ohun tí wọ́n ń ṣe fún ológun di ti gbogbo ènìyàn: ìyá tí omi gbígbóná dà sí lára, òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rọ fà lójú, ọmọ tí ajá bù jẹ. Lónìí, bí iná bá jó ọmọ wa gidigidi ní Valence, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé e lọ sí St Andrew's ní Broomfield, Chelmsford, ibi ìtọ́jú tí wọ́n kó wá láti Billericay ní 1998. Kò sẹ́ni tí yóò béèrè owó kí wọ́n tó fi awọ bò ó.

ẸNI TÓ DÁ EGBÒ SÍLẸ̀ ŃKỌ́?

Bàbá tó sọ̀rọ̀ ní ìpàdé tún béèrè ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ ká dá lóhùn. Ó ní, ẹni tó bá ba ojú ènìyàn jẹ́, kí ló dé tí kò fi ní san án? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó da ásíìdì sí ènìyàn lára lè máà ní kọ́bọ̀. Ó lè sá. Ẹjọ́ lè gba ọdún mẹ́ta. Àpá kì í dúró de adájọ́.

Ọgbọ́n tí ilẹ̀ yìí dá nìyí: kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú, kí wọ́n tó wá ẹni tí yóò san owó. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2007, bí mọ́tò bá gbá ènìyàn tàbí tí agbanisíṣẹ́ bá jẹ̀bi ìpalára, tí onítọ̀hún sì gba owó gbà-máà-bínú, ìjọba a padà lọ gba owó ìtọ́jú ọsibítù lọ́wọ́ ìnṣọ́ránsì ẹni tó jẹ̀bi. Aláìsàn kò sí láàrin wọn. Ní ti òṣìṣẹ́, ètò ìpalára lẹ́nu iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1948 ka ojú tó bàjẹ́ gidigidi sí ìpalára 100 nínú 100. Ní ti ẹni tí ọ̀daràn ṣe léṣe, ètò owó ìtanràn ti wà láti 1964. Ìjọba ló ń san án, kódà bí wọn kò bá rí ọ̀daràn náà mú. Owó náà kò kéré sí £1,000, kò sì lè ju £500,000 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: ó pọn dandan láti fi ọ̀rọ̀ tó ọlọ́pàá létí kíákíá, kí ẹ sì kọ̀wé béèrè láàrin ọdún méjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ló ń pàdánù rẹ̀ nítorí wọ́n ní àwọn kò fẹ́ wàhálà.

Nǹkan wọ̀nyí kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 2017, wọ́n da ásíìdì sí àwọn ènìyàn méjì tó jẹ́ ìbátan lára nínú mọ́tò ní Beckton. Ní 2018, wọ́n ju ẹni tó ṣe é sí ẹ̀wọ̀n ọdún 16, òfin ọdún 2019 sì ka títa irú oògùn ajónilára bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí kò tó ọdún 18 léèwọ̀. Ẹ̀wọ̀n tó tọ́ sí i ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n kì í hu awọ.

ÀWỌN ÀLEJÒ WA

A kò ní fi ìlú yìí ṣe ọ̀run. Bí òbí wa bá wá kí wa láti ilé, tí omi gbígbóná sì jó wọn, ìtọ́jú ní ẹ̀ka pàjáwìrì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá wọn dúró sí ọsibítù, wọ́n lè béèrè ìdá 150 nínú 100 iye tí ìtọ́jú náà ń ná NHS. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2017, èyí tí kì í ṣe kánjúkánjú, wọ́n ń gba owó rẹ̀ ṣáájú ni. Gbèsè tí ó bá tó £500, tí ó sì pé oṣù méjì láìsan, wọ́n lè fi tó Home Office létí. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí òbí wọ ọkọ̀ òfúrufú láìní ìnṣọ́ránsì ìrìn-àjò.

Àwọn tó wà pẹ̀lú físà tí wọ́n ti san owó ìlera, tí ó di £1,035 lọ́dún láti oṣù Kejì ọdún 2024, ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ abẹ àtúnṣe bí onílẹ̀. Ẹ má ṣe tijú láti béèrè rẹ̀. Ohun kan sì tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: bí ó bá jẹ́ ìwà ipá inú ilé ni ó fa ìpalára náà, bóyá ọkọ ni ó da omi gbígbóná sí aya lára, òfin ní kí wọ́n má gba owó ìtọ́jú ìpalára náà lọ́wọ́ rẹ̀, kódà bí kò bá ní ìwé ìgbélùú, bí kò bá ti jẹ́ pé nítorí ìtọ́jú yẹn ni ó ṣe wá sí ilẹ̀ yìí. Ẹ sọ ọ́ fún arábìnrin tí ń sunkún ní kọ̀rọ̀.

ILÉ ŃKỌ́?

Nílé náà, ogun ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọsibítù Igbóbì ní Èkó, tí gbogbo wa mọ̀ sí ọsibítù eegun, ibùdó ìtọ́jú àwọn ológun tó fara gbọgbẹ́ ní Ogun Àgbáyé Kejì ni ó kọ́kọ́ jẹ́. UCH Ìbàdàn ṣí ilẹ̀kùn ní 1957. Ìjọba Awólọ́wọ̀ ní Western Region fún àwọn ọmọdé ní ìtọ́jú ọ̀fẹ́. Láàrin 1979 sí 1983, àwọn ìpínlẹ̀ tí UPN ń ṣe ìjọba lé lórí tún gbé ìlera ọ̀fẹ́ jáde. Àwa tí a ti lé ní ogójì ọdún gbọ́ ìtàn rẹ̀ lẹ́nu àwọn òbí wa. A kò gbọdọ̀ sọ pé àwọn ènìyàn wa kò mọ̀ pé ojúṣe ìjọba ni.

Lẹ́yìn náà ni owó epo já wálẹ̀, tí SAP dé ní 1986, tí owó ìtọ́jú sì di ti aláìsàn. Títí di òní, nínú gbogbo ₦100 tí wọ́n ń ná sórí ìlera ní Nàìjíríà, ó lé ní ₦70 tó ń ti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jáde tààrà. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ẹni tó jóná, àwa nọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n. Ẹbí ni yóò ra gọ́ọ̀sì, ẹbí ni yóò ra omi tí wọ́n ń fà sí iṣan, ẹbí ni yóò wá ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí egbò bá fi jinná, ilẹ̀ ti tà, mọ́tò ti tà. Ibẹ̀ gan-an ni àkókò iṣẹ́ abẹ àtúnṣe dé, ibẹ̀ náà sì ni owó tán. Wọn yóò gbé ọmọ lọ sílé, àpá yóò sì máa fà á lọ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ rántí ọkọ̀ òfúrufú Sosoliso tó já ní Port Harcourt ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2005. Ènìyàn 110 ló wà nínú rẹ̀, àwọn méjì péré ló yè é. Ọmọ ọdún 16 ni Kechi Okwuchi nígbà náà. Ní Johannesburg ni wọ́n ti gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Lẹ́yìn náà, ọsibítù àwọn Shriners ní Galveston, ní Texas, tún un ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹgbẹ́ aláàánú ni Shriners, wọn kì í lé ọmọ nítorí àìlówó. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un lé ní 100. Ní 2017, gbogbo ayé gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ìdíje America's Got Talent. A bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kẹrosíìnì àdàlù jó ní Àgége tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ̀ wo ni yóò gbé e?

Òfin kò sí níbẹ̀ rárá kọ́. Òfin ìlera ọdún 2014 ní kí ọsibítù má ṣe kọ ẹni tó wà ní pàjáwìrì. Òfin ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá ìdá 1 nínú 100 owó oṣù sí àpò ìpalára àwọn òṣìṣẹ́. Òfin ọdún 2015 lórí ìwà ipá sọ ìyà ẹni tó bá da ohun ajónilára sí ọmọnìkejì. Ní 2022, wọ́n sọ ìnṣọ́ránsì ìlera di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní Ìlera Èkó tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin inú ìwé kì í di bándéèjì. Ẹni tí kò sí nínú ìnṣọ́ránsì kí iná tó jó o kò ní rí ibi tí yóò dì mú.

OHUN TÍ A RÒ

A gbà pé ìjọba ni ó yẹ kó san owó àtúnṣe, láti inú àpò tí gbogbo wa ń dá sí, kí ìjọba náà sì lọ gba tirẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹni tó jẹ̀bi. Ohun tó bá ojú ti bá imú. Ìpalára kì í yan ẹni tó lówó, nítorí náà kò yẹ kí ìwòsàn yan ẹni tó lówó. Ohun tí ìlú yìí fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ láti Sidcup dé 1948 nìyẹn.

Àwọn kan yóò sọ pé bí a bá ń sanwó láti ìhín, à ń gbé ẹrù ìjọba nílé fún wọn ni. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn yóò sọ pé àpò wa kò lè tó. Òótọ́ ni ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ yìí kò lè dúró de ìgbà tí ìjọba yóò tún ara rẹ̀ ṣe. Afárá ni igbá ọrẹ wa, kì í ṣe ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lódìkejì odò nílò afárá.

A sì tún ní láti jẹ́wọ́. Àwa fúnra wa ti ṣe àṣìṣe rí. Nígbà kan, a dá owó iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ fún ẹnì kan, a patẹ́wọ́, a ya fọ́tò, a sì gbàgbé rẹ̀. A kò rántí pé wọn yóò máa na ọrùn náà lójoojúmọ́, pé yóò wọ aṣọ tí ń tẹ àpá mọ́lẹ̀ fún oṣù mélòó kan, pé yóò tún padà sí ọsibítù. Nígbà tí a fi tún gbọ́ nípa rẹ̀, ọrùn náà ti tún fà. Owó wa kò ṣe é lóore tó bí ì bá ti ṣe.

Nítorí náà, ohun tí a ń mú wá síwájú ẹgbẹ́ nìyí. Èkíní, kí a tún òfin àpò ìrànwọ́ kọ, kí ó ya iṣẹ́ abẹ àtúnṣe lẹ́yìn ìpalára sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ abẹ ẹwà, kí ìwé dókítà sì jẹ́ ẹ̀rí. Èkejì, kí a má ṣe dá owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Kí a béèrè iye tí gbogbo ìrìn náà yóò ná, kí a sì máa san án fún ọsibítù fúnra rẹ̀ ní ìpele ìpele. Ẹ̀kẹta, kí ilé kọ̀ọ̀kan fi orúkọ òbí àti àbúrò rẹ̀ nílé sínú ìnṣọ́ránsì ìlera ìpínlẹ̀ wọn lọ́dún yìí, kí a sì béèrè ohun tí ó bò àti ohun tí kò bò. Owó rẹ̀ kéré sí owó aṣọ ẹbí kan ṣoṣo. Ẹ̀kẹrin, kí a kọ̀wé sí àwọn aṣòfin wa nílé, ní orúkọ ẹgbẹ́, pé kí iṣẹ́ abẹ àtúnṣe wà nínú ohun tí ìnṣọ́ránsì náà ń san.

Kí a tó dágbére, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Bí iná tàbí omi gbígbóná bá jó ènìyàn, ẹ bọ́ aṣọ àti ẹ̀gbà kúrò níbẹ̀ bí kò bá tíì lẹ̀ mọ́ ara, kí ẹ sì gbé ibẹ̀ sábẹ́ omi ẹ̀rọ tútù fún 20 ìṣẹ́jú. Bí ásíìdì bá ni, ẹ máa da omi púpọ̀ sí i láìdáwọ́ dúró, kí ẹ sì pe 999. Ẹ má fi ẹyin sí i, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín sí i, ẹ má fi epo sí i. 20 ìṣẹ́jú yẹn lè dín iṣẹ́ abẹ kù.

Àwọn àgbà ní àpá kì í jọ ara. Wọn kò purọ́. Ṣùgbọ́n ojú tó bàjẹ́ lè tún padé kó sùn, ẹnu lè tún là kó rẹ́rìn-ín. Ní ìpàdé tí ń bọ̀, bí alága bá ní kí a na ọwọ́ sókè, kí a rántí ọmọbìnrin kan tí kò lè di ojú rẹ̀ sùn lóru òní.



Ìgbìmọ̀ Ìlera Ẹgbẹ́